Jonathan Jasper Wright: Ipò Adájọ́ tí Ilé Aṣòfin Fún Un, tí Ilé Aṣòfin sì Gbà Padà

Ní oṣù Kejì ọdún 1870, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà dìbò yan Jonathan Jasper Wright, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, láti di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà. Ọdún 1865 ni ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú parí, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Wright fẹ́ máa dá ẹjọ́ wọn ni ẹlòmíràn ṣì ń pè ní ohun ìní tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú kankan tó jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún kẹjọ tó pé, ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń fi ìtàn náà mọ sí pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ èyí ni bí ipò náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ilé kan náà ló wọlé gbà tó sì jáde gbà.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tirẹ̀ àti ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tirẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà ní Washington. Ẹjọ́ ilẹ̀, gbèsè, ogún, ìgbéyàwó, olè jíjà àti ìpànìyàn, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń parí sí. Bí ènìyàn ṣe ń di adájọ́ níbẹ̀ kò sì rí bákan náà káàkiri. Ní Pennsylvania, àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan adájọ́ lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní California, gómìnà ló ń yàn án, àwọn ará ìlú á sì dìbò lẹ́yìn náà bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó máa lọ sílé. Ní South Carolina àti Virginia, títí di òní yìí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń yan adájọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ nípa adájọ́ kan, ẹni tó yàn án ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí n tó bèèrè ìwé tó kà, nítorí ẹni tó yàn án ló sábà máa ń ní agbára láti má tún un yàn mọ́.

Agbègbè Lancaster ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n bí Wright sí ní ọdún 1840, Springville tó wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Kì í ṣe ọmọ oko ẹrú. Láti ọdún 1780 ni Pennsylvania ti ṣe òfin tó ń fòpin sí oko ẹrú díẹ̀díẹ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ithaca ní ìpínlẹ̀ New York, ó padà sílé, ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òfin ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní ìlú Montrose. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lọ́yà ìgbà náà ṣe kọ́ṣẹ́: wọn kì í lọ sí yunifásítì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń ka ìwé òfin, tí wọ́n ń da ìwé ẹjọ́ kọ, títí ìgbìmọ̀ kan yóò fi pè wọ́n wá dán wọn wò. Nígbà tí ó kan Wright, ìgbìmọ̀ náà kọ̀ láti dán an wò. Kì í ṣe pé ó yege tàbí pé ó kùnà. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọn kò fẹ́.

Ní ọdún 1865, àjọ American Missionary Association rán an lọ sí Beaufort, ìlú etíkun kan ní South Carolina, láti kọ́ àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira àti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ní ìwé. Ibi àrà ọ̀tọ̀ kan ni Beaufort. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1861 ni àwọn ọmọ ogun Àríwá, ìyẹn ìhà ìjọba àpapọ̀ tó ń bá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù jà nínú ogun abẹ́lé náà, ti gba agbègbè náà, àwọn olóko òwú aláwọ̀ funfun sá lọ, àwọn ẹrú wọn sì kù sórí ilẹ̀. Nígbà tí Wright fi dé, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ti ń ra ilẹ̀, wọ́n ti ń ṣe àdéhùn iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó ọ̀yà lé lórí, wọ́n sì ti ń pe ara wọn lẹ́jọ́. Mo gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ òfin ti di ohun gidi lójú rẹ̀, nítorí àwọn tó ń kọ́ ní ábídí lálẹ́ náà ni wọ́n ń mú ìwé àdéhùn tí wọn kò lè kà wá bá a.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ní ọdún 1866, òfin tó sọ pé ẹni tí a bí ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀yà tó ti ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé tí wọn kì í san owó orí, jẹ́ ọmọ ìlú láìka àwọ̀ sí. Wright padà sí Pennsylvania, ó tún béèrè pé kí wọ́n dán òun wò. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dán an wò, ó yege, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ lọ́yà ní ìpínlẹ̀ náà. Kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1867, Ọ̀gágun Oliver Otis Howard, olórí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ẹrú tó dòmìnira, yàn án láti jẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí òfin ní Beaufort.

Láti ibẹ̀, òṣèlú gbé e sókè kíákíá. Ní oṣù kìíní ọdún 1868, àwọn aṣojú pé jọ sí Charleston láti kọ ìwé òfin tuntun fún South Carolina, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wright wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú Beaufort. Ìwé òfin náà fún gbogbo ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò láìbéèrè bóyá wọ́n ní ilẹ̀, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ó ní wọn kò gbọdọ̀ torí gbèsè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n mọ́, ó sì fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, èyí tí ìpínlẹ̀ náà kò fàyè gbà tẹ́lẹ̀. Ó tún ní kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní adájọ́ mẹ́ta, kí ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀ láti dìbò yàn wọ́n, kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan sì lo ọdún mẹ́fà. Wright bá wọn kọ ìlànà yìí láìmọ̀ pé ìlànà náà ni yóò gbé òun gorí àga. Ní ọdún kan náà, àwọn ará Beaufort dìbò yàn án sí ilé aṣòfin àgbà.

Lẹ́yìn náà, Solomon Hoge, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta náà, lọ sí ilé aṣòfin ti orílẹ̀-èdè ní Washington, àga rẹ̀ sì ṣófo. Nínú ìkànìyàn ọdún 1870, àwọn tó ń gbé South Carolina jẹ́ 705,606, nínú èyí tí 415,814 jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú sọ pé kò tọ́ kí àwọn tó pọ̀ tó báyìí máa dìbò fún àwọn ẹlòmíràn ṣáá láìní ẹnì kankan lórí àga ìdájọ́. Wright ni wọ́n yàn láti parí sáà Hoge. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n tún yàn án fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹni tó bá sọ pé òṣèlú ló gbé e débẹ̀ kò parọ́, àmọ́ òṣèlú kan náà ló gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì débẹ̀: Franklin Moses tó jẹ́ adájọ́ àgbà, àti Willard, lọ́yà láti New York tó bá ogun wá sí Gúúsù.

Ìwé ẹjọ́ ilé ẹjọ́ náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹjọ́ 425 ni Wright bá wọn jókòó sí láàárín ọdún méje, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìdájọ́ 87 nínú wọn. Bí a bá pín in dọ́gba fún ẹni mẹ́ta, iye tó kọ kéré sí ìpín tirẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí àwọn tó ń yìn ín fi gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ 87 kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n kàn gbé síbẹ̀ fún àwòrán, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ṣe ń sọ. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ogun kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó ń dùn ún gbọ́: gbèsè tí wọ́n jẹ kí ogun tó dé, owó ìjọba Gúúsù tó ti di bébà lásán, ilẹ̀ tí olóhun ti kú, ogún tó dàrú. Kí adájọ́ ti inú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ di olókìkí ṣòro. Ó dà bí ẹni pé ẹjọ́ tirẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn rántí ju èyí tó dá lọ: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan lé e kúrò nínú yàrá àwọn tó sanwó gọbọi, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó bà á jẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún 1876. Daniel Chamberlain, gómìnà tó wà lórí àlééfà, ń du ipò lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican. Wade Hampton, ọ̀gágun fún ìhà Gúúsù nígbà ogun, ló ń bá a du ú lábẹ́ ẹgbẹ́ Democratic. Àwọn ọkùnrin Hampton wọ ẹ̀wù pupa, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ń dẹ́rù ba àwọn aláwọ̀ dúdú kí wọ́n má bàa jáde dìbò. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n ti pa àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Hamburg, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ náà. Ní àgbègbè Edgefield àti Laurens, ìbò tí wọ́n kà ju iye àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lọ. Àwọn méjèèjì ní àwọn ni wọ́n wọlé. Wọ́n búra fún gómìnà méjì, ilé aṣòfin kékeré náà pín sí méjì, olúkúlùkù sì ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tó bá gbà tirẹ̀.

Inú wàhálà yìí ni ẹjọ́ Tilda Norris ti wáyé. Ẹlẹ́wọ̀n ni Norris, Hampton sì fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì fún un. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n kò gbà, ó ní gómìnà wo? Bí ìdáríjì náà bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a jẹ́ pé Hampton ni gómìnà. Bí kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Chamberlain ni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe bá ìwé ẹlẹ́wọ̀n kan wọ ilé ẹjọ́. Adájọ́ àgbà Moses ń ṣàìsàn, kò sì ní pẹ́ kú. Willard àti Wright nìkan ló kù, bí wọ́n bá sì takora, ẹjọ́ náà kò ní ní ojútùú.

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 1877, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n tú Norris sílẹ̀. Wọn kò tíì kéde rẹ̀. Kí ọjọ́ díẹ̀ tó kọjá, Wright kọ̀wé pé òun fa ọwọ́ òun yọ, pé lẹ́yìn tí òun ro ó dáadáa, Chamberlain ni gómìnà lójú òfin. Willard kò gbà; ó ní ọwọ́ tí ènìyàn ti fi síwèé ti wà níbẹ̀. Wọ́n kéde àṣẹ àkọ́kọ́, Norris jáde, àwọn ẹlẹ́wù pupa sì jó.

Kí ló mú un yí ọkàn padà? Àwọn ará Hampton ní àwọn ènìyàn Chamberlain ló rọ ọ́ ní ọtí tí wọ́n sì dẹ́rù bà á. Àwọn ará Chamberlain ní ìbẹ̀rù ló mú un fọwọ́ síwèé lákọ̀ọ́kọ́, pé ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló tó sọ òótọ́ inú rẹ̀. Ní tèmi, adájọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti yí èrò rẹ̀ padà nígbà tí wọn kò bá tíì kéde ìdájọ́, Willard ló sì ṣi òfin lò nígbà tó so ó mọ́ èyí àkọ́kọ́. Àmọ́ mi ò lè sọ pé Wright ṣe bí akọni. Ẹjọ́ tó wúwo jù lọ nínú gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀ ni, ó sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i láìkọ ìdí kankan kalẹ̀. Ìhà méjèèjì ló bínú sí i, kò sì sí ìhà tó gbè é.

Ní oṣù Kẹrin, Ààrẹ Hayes kó àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò ní ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní Columbia, Chamberlain fi ọ́fíìsì sílẹ̀, Hampton wọlé. Ilé aṣòfin bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Democratic, wọn kò sì jẹ́ kó pẹ́ rárá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ Wright nípò. Wọ́n ní ó ń mutí yó, wọ́n ní ó hùwà tí kò yẹ adájọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ dúró wí tẹnu rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò gbọ́ ọ? Àwọn tó fẹ̀sùn kàn án àti àwọn tí yóò dá ẹjọ́ náà wá láti ilé kan náà, ẹgbẹ́ kan náà ló sì ń darí wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ti Wright kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ti ẹnìkan. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1877. Wọn kò gbọ́ ẹ̀sùn náà rí, kò sì sẹ́ni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ilé aṣòfin fi rọ́pò rẹ̀ ni Alexander Haskell, jagunjagun ìhà Gúúsù tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ Democratic ní ìpínlẹ̀ náà nígbà tí Hampton ń du ipò gómìnà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ọtí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, orúkọ Haskell ti tó fún un.

Wright kó lọ sí Charleston, ó ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Ní ọdún 1881, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní òfin nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lórúkọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Claflin tó wà ní Orangeburg. Ikọ́ ife ló pa á ní oṣù Kejì ọdún 1885, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta.

Kò sí aláwọ̀ dúdú mìíràn ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ kankan títí di ọdún 1961, nígbà tí gómìnà Michigan yan Otis Smith. Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti kọ̀ láti dán Wright wò, kò ní tirẹ̀ títí Robert Nix fi wọlé ní ọdún 1972. Ní ọdún 1984, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ àgbà ní ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. South Carolina fúnra rẹ̀ dúró di ọdún 1985, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Wright, kí ilé aṣòfin tó yan Ernest Finney.

Claflin, ibi tí Wright kọ́ ènìyàn ní òfin fún, ni Finney ti gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti di lọ́yà, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó wá jẹun ní hótẹ́ẹ̀lì kan, títí kan àwọn lọ́yà aláwọ̀ funfun tó wá ṣe àpérò ọdọọdún níbẹ̀, àpérò tí òun kò lè bá wọn jókòó sí. Ní ọdún 1961, ó gbẹjọ́ rò fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó sẹ́wọ̀n ní Rock Hill nítorí pé wọ́n jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 2015, nígbà tí adájọ́ kan fagi lé ìdálẹ́bi wọn, Finney, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí adájọ́ àgbà, ló dìde láti sọ̀rọ̀ fún wọn. Òun náà ti ṣe aṣòfin rí, gẹ́gẹ́ bíi Wright, àwọn aṣòfin tó mọ̀ ọ́n ló sì gbé e dé ipò.

Ìlànà náà kò tíì yí padà púpọ̀. Adájọ́ ti di márùn-ún, sáà wọn ti di ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, àmọ́ ọwọ́ ilé aṣòfin ni ìbò ṣì wà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Adájọ́ Àgbà Donald Beatty, aláwọ̀ dúdú tó ti wà nílé ẹjọ́ náà láti ọdún 2007, dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ó sì kúrò. Àwọn aṣòfin yan Letitia Verdin, obìnrin aláwọ̀ funfun, láti dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo adájọ́ márààrún ti jẹ́ aláwọ̀ funfun, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún 2007, ní ìpínlẹ̀ tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú.